Orúkọ aláìsàn ni kó ṣáájú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì

Olóòtú,

Ní 1960, Isabel Menzies, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn nọ́ọ̀sì ilé-ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì àti àìsàn ni wọ́n fi ń pe aláìsàn. Wọ́n gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, kí ìrora aláìsàn má baà wọ̀ wọ́n lára jù. Síbẹ̀ ọkàn wọn kò balẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ni kò parí ẹ̀kọ́ wọn.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa, tí ẹ bá ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ti bẹ́ẹ̀dì. Ẹ kọ́kọ́ dárúkọ aláìsàn, pẹ̀lú Màmá tàbí Bàbá tó yẹ ẹ́, kí ẹ tó sọ àìsàn, oògùn tó ti lò àti aago tí òmíràn kàn. Kí ẹni tó ń gbaṣẹ́ tún gbogbo rẹ̀ sọ padà. Ibẹ̀ ni àṣìṣe oògùn ti máa ń hàn.

Olùkọ́ nọ́ọ̀sì,
Ìbàdàn