Kétu ò jìnnà, ẹ rán àwọn tíṣà lọ

Ọ̀gá Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi bi àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ nípìnlẹ̀ wa, kí ló dé tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ní àwọn ń rán olùkọ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun, àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì tó ti pẹ́ tí wọ́n ti mú ṣọ́ọ̀kì dání gbẹ̀yìn ló máa ń wọ báálù? Fọ́tò nìkan làwa máa ń rí. Ẹni tó sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì tó jẹ búrẹ́dì tó gbọ́ lẹ́kíṣọ̀, kí ló rí níbẹ̀ gan-an?

Àwọn ará Amẹ́ríkà ò ṣe tiwọn báyẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣòfin Fulbright-Hays lọ́dún 1961, owó ìjọba ni wọ́n fi rán ọ̀pọ̀ tíṣà ilé ìwé lọ sílẹ̀ onílẹ̀ láti lọ kọ́ nípa àwọn èèyàn ibẹ̀, ètò yẹn náà ló gbé àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó fẹ́ gbọ́ èdè Yorùbá wá sí Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn ọ̀dọ́ tiwa náà ti bá FLTA, ètò Fulbright tó ń mú àwọn tíṣà èdè láti ilẹ̀ mìíràn lọ sí Amẹ́ríkà, lọ kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní Yorùbá lọ́hùn-ún, àmọ́ tí wọ́n bá dé, ta ló ń pè wọ́n pé ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún wa?

Wọ́n á ní kò sówó. Ó dáa, ṣé dandan ni Lọ́ńdọ̀nù ni? Àdéhùn ECOWAS ti wà láti 1979, èèyàn lè wọ orílẹ̀-èdè Benin láìgba físà kó lo 90 ọjọ́. Ẹ kó àwọn tó ń kọ́ Ìtàn àti Yorùbá, kí wọ́n gba Ìmẹ̀kọ kọjá sí Kétu, kí wọ́n fojú rí Àkábà Ìdènà, ẹnubodè ìlú tí ogun Dàhọ̀mì fọ́ lọ́dún 1886, kí wọ́n dé sílé tíṣà ẹgbẹ́ wọn, ọmọ Yorùbá bíi tiwọn tó jẹ́ pé Faransé ló fi ń kọ́ ìṣirò, kí wọ́n jókòó sẹ́yìn kíláàsì ẹ̀ kí wọ́n máa wò ó. Lẹ́yìn náà kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Mọ́sáláṣí kan wà níbẹ̀ táwọn àtọmọdọ́mọ ẹrú tó ti Brazil padà wálé kọ́, tẹ́ ẹ bá rí i lókèèrè ẹ máa búra pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Tíṣà tó bá ti dúró níwájú ẹ̀ rí, tó wá ń kọ́ wọn nípa òwò ẹrú, ọmọ wo ló máa sùn ní kíláàsì ẹ̀?

Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi sí oṣù kẹjọ o, torí àwọn ará ibẹ̀ náà ti gba ọlidé nígbà yẹn, kíláàsì òfìfo ni wọ́n máa bá.

Tíṣà Ìtàn kan,
Abẹ́òkúta.