Sí Àdùkẹ́, lórí ọ̀rọ̀ gọ́tà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì

Ìmẹ̀sí-Ilé

Àdùkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un gbọ́. O ní wọ́n ti fi ọ́ ṣe alága ìgbìmọ̀ tí yóò máa rí sí ọ̀rọ̀ àdúgbò, pé owó díẹ̀ wà nílẹ̀, pé àwọn kan fẹ́ kí ẹ fi ra ìrẹsì, kí ẹ pín in nígbà Kérésì, kí ẹ sì ya fọ́tò. Pé ìwọ ní kí ẹ fi tún gọ́tà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, ni bàbá ìjọ kan bá ní gọ́tà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyìnrere. Ọ̀rọ̀ náà dùn ọ́, mo mọ̀ ọ́n lóhùn rẹ. Ohun tí mo fẹ́ sọ pọ̀ ju ti orí fóònù lọ ni mo fi kọ ìwé yìí.

Nígbà tí a ń palẹ̀ ẹrù ìyá mi mọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, mo rí káàdì kan nísàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀, ó wà nínú ọ̀rá, orúkọ mi sì wà lórí rẹ̀. Ìlà méjì ni wọ́n tẹ̀ sí i, àmì bírò sì tò tẹ̀lé ara wọn láàárín ìlà méjèèjì. Ọdún 1957 ni wọ́n bí mi. Nígbà náà, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Iléṣà. Bí ó bá jókòó síbẹ̀ máa dúró de aláìsàn, iṣẹ́ ò lè tán lọ́wọ́ rẹ̀ láé. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ọ̀pọ̀ ohun tó ń pa ọmọdé, èéyi, ìgbẹ́ gbuuru, àìjẹunrekánú, ilé ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, pé nígbà tí wọ́n bá fi gbé ọmọ dé Iléṣà, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ló bá gbé iṣẹ́ wá sí Ìmẹ̀sí-Ilé, àwọn nọ́ọ̀sì ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ìyá mi ní wọn á gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, wọn á fi bírò sàmì sí káàdì, wọn á dá a padà fún ìyá ọmọ kó gbé e lọ sílé. Ìyá mi ò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí àmì bá ń gòkè, ara ọmọ le. Bó bá dúró lójú kan, nǹkan ń bọ̀, ì báà jẹ́ pé ọmọ ṣì ń ṣeré. Lórí káàdì tèmi, oṣù mẹ́ta ni àmì ò fi gòkè. Èéyi ló ṣe mí, ó ní wọ́n sọ fún òun pé ẹ̀kọ nìkan ò tó, kí òun máa lọ ẹ̀wà mọ́ ọn. Oṣù tó tẹ̀ lé e, àmì gbéra. Irú káàdì yẹn ti gba ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kọjá. Èyí tí wọ́n fún ọ nígbà tí o bí àkọ́bí rẹ, ìlú wa ni wọ́n ti bí i.

Àdùkẹ́, ìwọ̀n yẹn ni mo fẹ́ kí o mú. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ lọ sí ojúlé àwọn tó wà lẹ́yìn ògiri yín. O ní omi wọ ilé ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí. Ta ló ti wọ yàrá rẹ̀ nínú yín? Mú tépù dání, wo ibi tí omi dé lára ògiri, wọ̀n ọ́n, kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá ti ṣe gọ́tà tán, ẹ padà lọ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn òjò ńlá. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá ẹ ṣe nǹkan kan.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ nígbà tí mo wá bá yín ṣe ìkórè lọ́dún tó kọjá. Mo jáde lọ gba afẹ́fẹ́ lẹ́yìn ọgbà, mo bá àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi bárò da abọ́ tí a fi jẹun, ike omi àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sínú gọ́tà yẹn gan-an. Orúkọ ìjọ yín wà lára abọ́ kan, ó ń léfòó lọ. Ara mi bù máṣọ, nítorí èmi náà jẹun níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ má pe iṣẹ́ yìí ní àánú. Ìdọ̀tí yín ni ẹ fẹ́ kó. Nígbà tí Nehemáyà ń tún odi Jerúsálẹ́mù mọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ èyí tó kọjú sí ilé tirẹ̀.

Ìbàdàn sì ni ẹ wà. Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 tí odò Ògùnpa ya. Ọjọ́ Àìkú ni. Ìwọ náà fojú ara rẹ rí ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tó gba ẹ̀mí tó lé ní 100. Pàǹtí tó dí ojú omi wà lára ohun tó fà á.

Bàbá ìjọ yẹn, má bá a jà. Lọ kí i nílé, kúnlẹ̀, jẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà, rán an létí pé ìjọ Áńgílíkà àgbáyé ní àmì márùn-ún tí wọ́n fi ń mọ iṣẹ́ tí Kristi rán wọn. Ìkẹta ni kí a fi ìfẹ́ sin ẹni tó wà nínú àìní. Ìtọ́jú ilẹ̀ ayé tí Ọlọ́run dá ni ìkarùn-ún, ọdún 1990 ni wọ́n fi kún un. Ilé tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, kì í ṣe lẹ́nu ìyá rẹ ọmọ Mẹ́tọ́díìsì.

Ní ti ìrẹsì, ebi ń pa ènìyàn, ẹ fún wọn. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà, rárá o. O ṣì kéré nígbà tí bàbá rẹ kú. Ìjọ kan gbé àpò ìrẹsì wá fún wa, wọ́n ní kí n di etí àpò mú, kí n rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọdún yípo, mo rí ara mi lára kàlẹ́ńdà wọn, nínú aṣọ opó, ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tí mo ń jẹ ní gbèsè. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Gọ́tà yẹn ò mọ Kìrìsìtẹ́nì yàtọ̀ sí Mùsùlùmí. Lọ rí ẹgbẹ́ onílé, lọ rí Ìmáàmù mọ́ṣáláṣí tó kọjú sí yín, kí o tó mú ètò kankan dání. Nígbà ogun Kírìjì, ní 1886, Àlùfáà Samuel Johnson àti Àlùfáà Charles Phillips ń lọ, wọ́n ń bọ̀, láàárín ibùdó Ìbàdàn àti ti Èkìtìparapọ̀ títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, níhìn-ín ní ìlú wa. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n rìn kí wọ́n lè gbọ́ tẹnu tọ̀tún tòsì. Títì lásán ni ìwọ máa sọdá. Bí Ìmáàmù bá sì mẹ́nu ba sípíkà tí ẹ kọ sójú pópó ní òru àìsùn, má bínú. Ìyá tó ní ọmọ ìkókó wà ládùúgbò yẹn.

Mo fi káàdì náà rán ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń bọ̀ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé. Má yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rá, ó ti ń ya. Kí òjò tó tún rọ̀, kọ iye tí tépù bá sọ nílé ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ