Iṣẹ́ ológbò gbọ̀ngàn wa ní Kubwa: ẹ jẹ́ ká parí ohun tí a bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa ní Abuja àti agbègbè rẹ̀, láti Kubwa dé Nyanya títí dé Màràrábá, a kí yín o. Ẹ kú ìfaradà ọ̀wọ́n gógó yìí.

Ọ̀rọ̀ àwọn ológbò tó wà ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa ni, àwọn tí a ní ká dá owó jọ kí dókítà ẹranko tẹ̀ wọ́n lọ́dàá, kí wọ́n má bímọ mọ́. A ò ní tún bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sọ. Gbogbo wa la jọ wà ní ìpàdé. Ohun tó ń dùn wá ni pé iṣẹ́ dúró lójú ọ̀nà. Àwọn tí dókítà ẹranko ti tẹ̀ lọ́dàá, tó sì gún lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ẹ ó mọ̀ wọ́n: ó gé ṣóńṣó etí wọn kan díẹ̀. Àwọn tó kù, etí wọn pé, wọ́n sì ń bímọ. Oyún ológbò kì í ju nǹkan bí oṣù 2 lọ, ọmọ rẹ̀ lè máà tíì pé oṣù 6 tí òun náà á fi lóyún. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀: abo aláwọ̀ eérú kan ń fi ẹnu gbé ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀yìn ọrùn, ó ń kó wọn kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a bá dúró síbí, owó tí a ti ná wọgbó nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó náà wá ńkọ́? Ẹni tó kọ ọ́ sórí WhatsApp pé ìgbìmọ̀ ń fi owó ẹja ológbò jẹ ẹja, a ti kà á. Kéèjì, abẹ́rẹ́, iṣẹ́ abẹ, ẹja tí a fi ń tàn wọ́n wọ kéèjì: rìsíìtì gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ akápò. Kó wá wò ó, ṣùgbọ́n kó mú owó tirẹ̀ dání, nítorí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé àwọn tó san.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ká fi májèlé pa wọ́n ká sinmi, ta ni yóò wá pa eku? Bí ológìnní bá lọ sí àjò, ilé di ilé èkúté. Ẹ rántí ohun tí eku ṣe sí kánópì wa. Ìbà Lassa tí wọ́n fi aláìsàn láti ìlú Lassa ní Borno dá mọ̀ ní 1969, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń gbé e kiri. Ẹ̀yin ìyá wa tó sì ní ológbò dúdú kì í ṣe ojú lásán, a bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n eku tó ń pa, ojú lásán ni.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó bá wa pààlà nílé (ẹ mọ̀ wọ́n) ti parí tiwọn. Nínú ọgbà wọn ní Lugbe, ẹ ò lè rí ológbò kan tí etí rẹ̀ pé. Akọ̀wé wọn bi wá níbi òkú kan pé, “Ẹ̀yin ńkọ́?” A rẹ́rìn-ín, a bu omi mu. Àwa tí a kọ́ gbọ̀ngàn yìí láì tọrọ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba! Àwa tí ọba wa ń fi yangàn láàrin àwọn ọba ẹgbẹ́ rẹ̀!

A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bàbá wa tó dìde níbi ìkówójọ, tó ní òun á tọ́jú ológbò mẹ́wàá, tí onílù fi oríkì gbé e títí tó fi jó yí tábìlì ká: ẹ jọ̀ọ́ sà, onílù ti gba tirẹ̀ lọ, àwa ṣì ń retí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣe ọjọ́ ìbí ní Wuse, a máa ń rí fọ́tò yín. Ẹ ó ṣe púpọ̀ sí i láyé. Àwọn ìyá ọlọ́jà ló san jù, àwọn tí ẹ máa ń pè ní aláìnífẹ̀ẹ́ ẹgbẹ́. Ẹ dákun, ẹ fojú àánú wò wá.

₦5,000 ni fún ọmọ ẹgbẹ́, ₦2,000 fún akẹ́kọ̀ọ́. Àkáǹtì tí a ń san owó ẹgbẹ́ oṣooṣù sí náà ni. Ẹ kọ orúkọ yín àti “ológbò” sí i, kó tó di ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ má ṣe fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ààrẹ pàápàá.

Akọ̀wé ẹgbẹ́, fún ìgbìmọ̀