Erékùṣù Tí Ewé Ti Ń Pọ́n

Worcester, Massachusetts
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà

Bọ́láńlé mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Bá mi kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa. O ní láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ rẹ ní Houston, inú tẹlifíṣọ̀n nìkan ni wọ́n ti ń rí igi tí ewé rẹ̀ pọ́n, o wá ní kí n wá ibi tí ẹ ó ti rí i, tí ẹ ó sì tún rí òkun. Ibì kan ṣoṣo ni mo ní í sọ: erékùṣù Mount Desert, ní ìpínlẹ̀ Maine. Afárá kékeré ló so ó mọ́ ilẹ̀, ẹ ò ní wọ ọkọ̀ ojú omi. Ibẹ̀ ni ọgbà ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Acadia wà. Mo lọ síbẹ̀ ní oṣù kẹwàá èṣí, ọkàn mi ò tíì kúrò níbẹ̀.

Ṣé o rántí igi fúrúùtù ẹ̀yìn kíláàsì wa ní Ìjẹ̀bú-Òde? Tí ọyẹ́ bá ti ń mú, ewé rẹ̀ á pọ́n kó tó já bọ́, a ó sì máa ṣà á fi ṣe abẹ̀bẹ̀. Wá wo odindi òkè tó pọ́n báyẹn, tí òkun wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Pupa náà ni a máa ń pe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti mọ iye pupa tó ń bẹ. Òmíràn pọ́n bí epo, òmíràn bí osùn, òmíràn bí àgbálùmọ̀, òmíràn bí pupa ẹyin. Àwọn igi tí kì í wọ́wé wá dúró láàárín wọn, dúdú minimini.

Iná ló fa ẹwà yẹn o, Bọ́láńlé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1947, lẹ́yìn ọ̀dá tó mú gan-an, iná sọ ní erékùṣù náà, ó sì jó ju 17,000 éékà lọ. Apá ìlà-oòrùn ló jó jù, àwọn igi tí kì í wọ́wé ló sì pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ tún hu, àwọn igi tí wọ́n ń pè ní birch àti aspen ló kọ́kọ́ yọ, torí wọ́n fẹ́ràn oòrùn. Àwọn ló ń pọ́n lónìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ dé sí ìlú Bar Harbor, tó wà ní apá ibẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí Màmá kọ́kọ́ dé ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Jesup Path, ní apá ọgbà náà tó ń jẹ́ Sieur de Monts. Pákó ni wọ́n tẹ́ sórí irà, ó tẹ́jú, wọ́n á lè fi ọ̀pá wọn rìn ín jẹ́jẹ́. Birch ló wà lọ́tùn-ún lósì, èèpo wọn funfun bí ẹni fi ẹfun kùn wọ́n. Mo dúró níbẹ̀, atẹ́gùn fẹ́, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, ó ń ró lórí pákó bí ìgbà tí òjò bá ń ta sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mi ò lè gbẹ́sẹ̀. Omi bọ́ lójú mi.

Òkè Cadillac, ọkọ̀ ń gùn ún dé orí, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 1,530. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti gba àyè sílẹ̀ fún mọ́tò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní Recreation.gov. Èmi ò mọ̀, mo jí ní aago mẹ́rin òru kí n lè bá oòrùn níbẹ̀, wọ́n dá mi padà lẹ́nu ọ̀nà. Ó dùn mí gan-an. Èyí tó pọ̀ jù nínú àyè náà, ọjọ́ méjì ṣáájú ni wọ́n máa ń gbé e jáde, ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ti ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Aago mẹ́sàn-án nìyẹn ní Houston, má gbàgbé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ jókòó ní Jordan Pond House, kí ẹ jẹ popover, búrẹ́dì gbígbóná tó wú, tí inú rẹ̀ ṣófo, tí wọ́n ń fi bọ́tà jẹ. Ìwọ àti àwọn ọmọ lè rin àwọn ọ̀nà tí olówó kan tó ń jẹ́ Rockefeller là fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin. Máìlì 45 ló wà nínú ọgbà náà, mọ́tò kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Tí òkun bá sì fà, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn láti Bar Harbor lọ sí erékùṣù kékeré Bar Island, ṣùgbọ́n ẹ wo aago o, torí omi ń padà bò ọ̀nà náà.

Àárín oṣù kẹwàá ni kí ẹ wá. Òkun kì í jẹ́ kí ibẹ̀ tètè tutù, àríwá Maine á ti pọ́n kọjá kí tibẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ yẹra fún ọjọ́ ìsinmi Mọ́ńdè kejì oṣù náà, èrò máa ń pọ̀. Ẹ wọ bàálù dé Bangor, màá wá fi mọ́tò pàdé yín níbẹ̀. Kí Màmá mú súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn dání.

Ewé maple kan wà nínú àpòòwé yìí. Ẹnu géètì ilé tí mo sùn ní Bar Harbor ni mo ti ṣà á, inú Bíbélì mi ló sì wà láti ìgbà náà. Pupa rẹ̀ ti ṣá díẹ̀, ṣùgbọ́n wo iṣan àárín rẹ̀, àwọ̀ ewé tútù ṣì wà lára rẹ̀. Fi han Màmá. Kí o sì tètè sọ ọjọ́ tí ẹ máa wá fún mi, kí n lè gba yàrá ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, èyí tí kò ní àtẹ̀gùn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Fúnmiláyọ̀