Goro tí mo jẹ láìbéèrè

Kubwa, Àbújá

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Inú báàgì rẹ ni mo fi lẹ́tà yìí sí, torí èrò pọ̀ nílé lánàá, n kò ráyè bá ọ sọ̀rọ̀ tó. O bi mí pé kí ni mò ń di goro fún àgùnbánirọ̀ sí, pé ayé ti lajú.

Ọdún tí a kó dé Kubwa, ìyá Háúsá tó wà lójúlé kejì rán ọmọ sí mi. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó gbé goro méjì àti súìtì díẹ̀ tí wọ́n dì sínú ọ̀rá lé mi lọ́wọ́. Mo dúpẹ́, mo bù ú jẹ, mo padà sídìí ọbẹ̀ mi. Ní Sátidé, wọ́n ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Mo jókòó sílé, mo ní wọn kò pè mí. Ó tó oṣù méjì tí ìyá náà fi ń kí mi láìsí ọ̀yàyà, kí ẹnìkan tó là mí lóye pé goro yẹn gan-an ni ìwé ìpè. Goron gayyata ni wọ́n ń pè é. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.

Èmi tí àwọn baba mi ń pa àrokò, tí wọ́n ń fi nǹkan ránṣẹ́ dípò ọ̀rọ̀ ẹnu! Owó ẹyọ mẹ́fà: ọkàn mi fà sí ọ. Bí onítọ̀hún bá gbà, á dá mẹ́jọ padà: ọ̀rọ̀ wa jọ. Ṣùgbọ́n gbé mẹ́fà yẹn fún ará Sókótó, shida ni yóò kà, kò sí "fà" kankan nínú shida. Inú èdè wa ni àrokò náà ń gbé. Gbàǹja, ìyẹn goro náà, ńkọ́? Obì àbàtà la fi ń wúre lọ́dọ̀ wa. Gbàǹja tí wọ́n ń rà ní Ṣàgámù, ọjà ni lójú wa. Àfi ìgbà tó bá ré Odò Ọya kọjá, tó di ẹnu tí wọ́n fi ń pe èèyàn síbi ayẹyẹ.

Torí náà, bí wọ́n bá fún ọ ní ohunkóhun, má kàn dúpẹ́. Béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fún ọ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Inú wọn á dùn pé o fẹ́ mọ̀.

Ewé tútù ni mo fi wé goro náà. Máa wọ́n omi sí i títí ẹ ó fi kúrò ní àgọ́, kí ó má baà gbẹ. Onílé rẹ ni kí o fún, ọwọ́ ọ̀tún ni kí o sì fi fún un. Bàbá rẹ ní kí o pè wá lálẹ́ ọjọ́ náà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ