Àwọn ilé Àgùdà: ẹ wo gọ́tà kí ẹ tó ra ọ̀dà

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Oṣù Kẹsàn-án 2016 ni wọ́n wó Ilojo Bar ní Tinúbú, l'Ékòó, ọ̀kan nínú àwọn ilé Àgùdà, ìyẹn irú ilé tí àwọn tó padà dé láti Brazil kọ́, tí ìjọba ti kà sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè láti 1956. Katapílà ló wó ìyẹn. Èyí tó kù ní Pópó Àgùdà àti agbègbè rẹ̀, bí a kò bá ṣọ́ra, omi ni yóò wó o, ọ̀rọ̀ omi sì kan káńsù gbọ̀ngbọ̀n.

Ògiri amọ̀ tí wọ́n fi ẹfun ìkọ́lé (lime) àti iyanrìn rẹ́ lè gba òjò, kó sì gbẹ. Omi tó bá dúró ti ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń pa á. Nígbàkigbà tí wọ́n bá da kótà tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ láìha ti tẹ́lẹ̀ kúrò, títì ń ga sí i ni, títí ẹnu ọ̀nà ilé yóò fi wà nísàlẹ̀ títì, tí gọ́tà á wá máa da omi sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Omi á fà gun ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà 3, iyọ̀ funfun á yọ lára rẹ̀, amọ̀ abẹ́ rẹ̀ á sì máa rọ̀.

Ìgbà yẹn làwọn agbaṣẹ́ṣe máa ń dé. Wọn á ha ẹfun dànù, wọn á fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, wọn á kun ọ̀dà dídán lé e, káwọn èèyàn lè ya fọ́tò. Símẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí omi inú ògiri jáde. Ẹ fi ìka kan ògiri bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn òjò ọdún díẹ̀: á máa dún bí igbá òfìfo, nítorí símẹ́ǹtì ti bọ́ kúrò lára amọ̀. Tó bá já, tòun ti amọ̀ ni. Ẹfun ìwọ̀n 1 sí iyanrìn ìwọ̀n 3 ló yẹ ẹ́, iyanrìn tí a fọ̀, kì í ṣe ti etí òkun tó níyọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí bìríkìlà rẹ́ ẹ, kó sì fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ mélòó kan kí oòrùn má baà fà á ya.

Mọ̀lẹ́bí ló ni ọ̀pọ̀ nínú ilé wọ̀nyí, òótọ́ ni. Gọ́tà kì í ṣe ti mọ̀lẹ́bí. Àfikún Kẹrin nínú òfin orílẹ̀-èdè 1999 ka títì àti gọ́tà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sì ti dá a lẹ́jọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024 pé kí owó wọn máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Kí wọ́n máa kó gọ́tà dé ìsàlẹ̀ ṣáájú òjò, kí wọ́n sì kó ẹrẹ̀ náà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí tí wọ́n bá fi sí etí gọ́tà, òjò àkọ́kọ́ ló máa dá a padà. Kí wọ́n ha kótà àtijọ́ títí ilẹ̀ ilé á fi ga ju títì lọ ní íǹṣì 6, ó kéré tán.

Mi ò ní kí wọ́n má ṣe pín ẹ̀rọ ìlọta, mi ò sì ní kí wọ́n má kọ́ géètì “Ẹ káàbọ̀”. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá gbé ètò ìṣúná wá, kí àwọn kánsẹ́lọ̀ wá ìlà méjì níbẹ̀: owó kíkó gọ́tà, àti owó híha kótà àtijọ́. Bí ìlà kejì kò bá sí níbẹ̀, kí wọ́n má buwọ́ lu títì tuntun kankan ládùúgbò àwọn ilé náà.

Òǹkàwé yín,
Ìsàlẹ̀ Èkó