Ẹ̀sùn lórí páálí ọtí bíà "oríṣi méje" tí ẹ tà fún mi

Agbègbè Tákíẹ́,
Ògbómọ̀ṣọ́,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ 11, oṣù Kejìlá, ọdún 2023.

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ọyẹ́. Èmi ni mo ra páálí ọtí bíà Jámánì lọ́wọ́ yín ní ₦31,500, tí mo tún san ₦2,800 fún awakọ̀ tó gbé e wá. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí náà pé "oríṣi méje, alẹ́ méje". Mo ti tọ́ ọ wò. Oríṣi mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀. Owó mi ni mo fẹ́ gbà padà.

Kí ẹ má baà rò pé ẹni tí kò mọ bíà ló ń yọ yín lẹ́nu, ọdún 11 ni mo fi ta ọtí ní Tákíẹ́ níbí. Láti 1988 tí ìjọba ti fòfin de kíkó ọkà bálì wọlé ni àwọn tó ń pọn bíà nílẹ̀ wa ti kọjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Wọ́n padà ká òfin náà kúrò, ṣùgbọ́n ọkà bàbà ò kúrò nínú ìgò. Ahọ́n mi mọ̀ ọ́n dáadáa, n kò sì kórìíra rẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ bí ti bálì pọ́ńbélé ṣe ń rí lẹ́nu kí n tó dàgbà jù ni.

Àbúrò mi ń gbé ní ìlú Munich, ní Jámánì. Lásìkò òtútù, agogo tiwọn àti tiwa máa ń dọ́gba, la bá ṣàdéhùn pé tó bá ti di aago mẹ́sàn-án alẹ́, a ó jọ ṣí oríṣi kan náà, a ó sì máa wo ara wa lórí fóònù: èmi nínú ọyẹ́, òun nínú yìnyín. Orúkọ tí ẹ tò sínú páálí yín ló mú lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́hùn-ún.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kìíní oṣù yìí, la bẹ̀rẹ̀. Ti ọjọ́ náà dára, n kò ní purọ́ mọ́ yín.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, yìnyín já ní Munich débi pé wọ́n ti pápákọ̀ òfuurufú pa. Ti àlìkámà ló kàn. Àbúrò mi yí ìgò tirẹ̀ lórí tábìlì kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ lè dìde, ó wá dà á sínú ife. Ó funfun bí omi ògì, ìfóòfó rẹ̀ sì ga ní ìka mẹ́rin. "Bọ̀dá, ẹ ò gbọ́ òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kànáfùrù yẹn?" Ìwúkàrà tí wọ́n ń lò fún un ló ń fa òórùn náà, wọn kì í fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i. Èmi náà yí tèmi, mo yí i títí ìyàwó mi fi bi mí bóyá ọmọ ni mò ń rẹ̀. Kò sí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kankan. Ó mọ́ gaara, ẹ lè fi ka ìwé ìròyìn. Mo ní bóyá imú mi ni, ọyẹ́ ti dí i.

Lọ́jọ́ Àìkú, ti eléèéfín (ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ́tà yìí má dé etígbọ̀ọ́ àwọn ará ìjọ mi). Ní Bamberg, ìlú kan ní Jámánì, iná igi ni wọ́n fi ń gbẹ ọkà bálì tí wọ́n ti mú hù, èéfín igi náà ló ń wọnú ọtí. Àbúrò mi ní bí ìgbà téèyàn ń mu ẹja yíyan ni. Ìyàwó mi ń ta ẹja yíyan. Mo gbé ife fún un, ó fi imú fà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Èéfín wo?"

Ti Mọ́ńdè dúdú lóòótọ́, mo gbà á. Ti Túsìdeè ń rùn bí ẹtà. Ìgò aláwọ̀ ewé ni, ẹ sì ti jẹ́ kí oòrùn pa á. Ẹni tó bá ta ọtí mọ̀ pé a kì í to irú ìgò bẹ́ẹ̀ síta.

Ọjọ́rú ni àṣírí tú. Iná ò sí, mo bá rẹ ìgò sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lẹ́yìnkùlé láti òru, kí ọyẹ́ lè mú un tutù. Nígbà tí mo fà á yọ, bébà ara rẹ̀ ti ń ṣí létí. Mo fi èékánná họ ọ́ díẹ̀, ó sì ká wálẹ̀ wọ̀ọ́. Bébà mìíràn ló wà lábẹ́ rẹ̀: bébà ti ọjọ́ Ẹtì gẹ́lẹ́, ọjọ́ tí kò yẹ kí á mu ún mọ́ sì ti kọjá láti oṣù Kẹjọ. Èyí tí ẹ pè ní ọtí líle tó ju ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ nìyẹn o. Mo mu ún tán, ojú mi ò tiẹ̀ ṣú.

Mo lọ kó àwọn ìdérí tí mo tò sójú fèrèsé. Mẹ́rin nínú mẹ́fà ló jọra. Ẹ lè ní ilé iṣẹ́ kan lè fi ìdérí kan bo oríṣi púpọ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Bébà tó wà lábẹ́ bébà ńkọ́?

Mo pè yín láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa, ẹ ó gbádùn rẹ̀." N kò bá a jà, kò mọ ohun tí ẹ dì.

Ti Ọjọ́bọ̀ yẹn ni wọ́n ń fi yìnyín ṣe. Omi máa ń dì ṣáájú ọtí, wọ́n á kó yìnyín rẹ̀ dànù, èyí tó kù á le gan-an. Àbúrò mi fẹ́ dán an wò fúnra rẹ̀, ó gbé ìgò kan síta mọ́jú, ìgò náà sì fọ́. Ẹ̀bi tirẹ̀ nìyẹn. N kò ṣí tèmi rárá. Ó wà nínú páálí pẹ̀lú ìgò mẹ́fà tó ṣófo, ìdérí wọn àti bébà méjèèjì.

Kí ₦34,300 wọlé sínú àpò ìfowópamọ́ mi láàárín ọjọ́ 14. N kò fẹ́ páálí mìíràn. Tí ẹ bá fẹ́ kó ẹrù yín, ẹ rán ẹni wá, ẹ̀yin ni ẹ ó sanwó ọkọ̀ rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá gbé e lọ sọ́dọ̀ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, lábẹ́ òfin wọn ti 2018. Àwòrán bébà náà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Èékánná tó wà nínú rẹ̀, tèmi ni.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Ògbómọ̀ṣọ́.